Kí la ó máa pe obìnrin Narnia yìí ní Yorùbá? "Àjẹ́ Funfun" ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé mi

ÌyáÌbejì_Peckham · Ọjọ́ Ẹtì, 9:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orúkọ kan ni mo ń wá, kó tó di alẹ́ ọ̀la.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń kàwé fún àwọn ìbejì mi kí wọ́n tó sùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń kà á: ojú mi á wà lórí Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu mi á máa sọ tiwa. Bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, "ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ni wọn ó bá dàgbà.

The Lion, the Witch and the Wardrobe ni ìwé ọ̀hún, C. S. Lewis ló kọ ọ́, 1950 ló jáde. Fún ẹni tí kò bá kà á: ọmọ mẹ́rin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, gba inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan bọ́ sí ayé mìíràn tó ń jẹ́ Narnia. Obìnrin kan ló ń jọba níbẹ̀. Ó ti fi oògùn dá ojú ọjọ́ dúró. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni òjò-dídì ti bo ilẹ̀, ewé ò rú, Kérésìmesì ò dé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi kàn án, olúwarẹ̀ á di òkúta. The White Witch ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bó ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo ṣe sọ ọ́: Àjẹ́ Funfun.

Lánàá, màmá mi tí wọ́n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Mo kà á dé ibi tí Àjẹ́ Funfun ti gbé Edmund, ẹni kẹta nínú àwọn ọmọ náà, sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó fi aṣọ onírun rẹ̀ bò ó, tó ń fún un ní nǹkan dídùn jẹ. Màmá ní, "Ó káre." Mo wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà ò pè é ní àjẹ́ funfun ni? Àjẹ́ funfun kì í pa ọmọ. Ó rí ọmọ tí òtútù ń mú, ó daṣọ bò ó." Kẹ́hìndé bá dìde jókòó: "Mọ́mì, ṣé èèyàn dáadáa wá ni?"

Mo pa ìwé dé. Kí ni kí n pè é?

Ayékòótọ́ · 10:03 alẹ́

Màmá ló jàre. Nílé wa, mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: funfun, pupa, dúdú. Ti funfun ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni, òun ló ń gbé èèyàn lékè. Àwọn méjì yòókù ni kóo sá fún. O wá gbé orúkọ ẹni rere wọ ẹni tó ń sọ èèyàn di òkúta. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe olè ní ọlọ́dẹ àdúgbò.

Pè é ní Àjẹ́ Dúdú, kóo lọ sùn.

ÌyáÌbejì_Peckham · 10:11 alẹ́

Ìwé sọ pé ojú rẹ̀ funfun báláú bíi bébà, ẹnu rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Bí mo bá pè é ní dúdú, ìbéèrè mìíràn tún dé nìyẹn. Àti pé, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ dúdú ní London ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ "dúdú" bí orúkọ nǹkan burúkú ti pọ̀ jù níta. Mi ò ní fi ẹnu ara mi kún un.

Ayékòótọ́ · 10:13 alẹ́

Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Tísà_Ìmẹ̀kọ · 10:40 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Yorùbá ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́ lẹ ní. "Àjẹ́" gan-an ni kò bá obìnrin yìí mu.

Ẹ wò ó dáadáa. Àjẹ́ tiwa, òru ni. Ara rẹ̀ á wà lórí ẹní, ẹyẹ rẹ̀ á jáde lọ. Kì í dá ṣe é: ẹgbẹ́ ni, ìpàdé ni. Ìdí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹlẹ́yẹ nìyẹn, tí ẹnu ò sì gbọdọ̀ dárúkọ wọn gàù, àfi ká ní "àwọn ìyá wa", "àwọn àgbà". Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìta yín lè wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní mọ̀.

Obìnrin inú ìwé ńkọ́? Ọ̀sán gangan ló ń jáde. Àgbọ̀nrín funfun méjì ló ń fa ọkọ̀ rẹ̀, ṣaworo ń dún lára wọn, gbogbo igbó ló mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Ó dé adé. Ó ní ààfin. Ìkookò ni olórí ọlọ́pàá rẹ̀, òun ló ń rán lọ fi àṣẹ mú èèyàn nílé. Ó ní ìránṣẹ́, kò lẹ́gbẹ́. Àjẹ́ kọ́ nìyẹn, ìyá ìbejì. Afipájọba tó lóògùn lọ́wọ́ ni.

Gbọ́nmisíi · 10:44 alẹ́

Tísà, ẹ rọra o. Ẹni tó ń wá orúkọ tí wọ́n máa fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ń kọ́ ní òṣèlú yìí.

Ọmọ_Kétu · 11:20 alẹ́

Kétu, ní apá ti Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kọ ọ́. Tísà ti gbà á lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àwọn ìyá kàn jẹ́ ìkà lásán, kò tíì rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin ló ń gbé igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère tí wọ́n gbẹ́, sórí, òun náà ló so ọmú àti ìdí mọ́ra, tó wọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ lé e, tó wá ń jó ní ọjà. Fún ta ni? Fún àwọn ìyá ni, kí inú wọn lè dùn sí ìlú. Ní òru tó ṣáájú, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde, á bú ẹni tó bá yẹ kó bú, olówó tàbí olóyè. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà wọn. Agbára tó lè mú ọmọ kúrò nínú ilé ni agbára tó ń mú ọmọ wá. Ṣe là ń tù ú. UNESCO pàápàá ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ láti 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Ó dáa, ta ló ń jó fún obìnrin Narnia? Bí gbogbo ẹranko igbó yẹn bá kó ìlù síta, tí wọ́n jó títí di àárọ̀, ṣé yóò jẹ́ kí ewé rú? Kò ṣeé tù. Ẹni tí kò bá ṣeé tù kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ_Ẹ̀sìẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:06 òru

Èmi ò ní orúkọ láti fún yín. Àgbàlá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, ibi tí Edmund wọ̀ lóru tó bá òkúta nílẹ̀ rẹpẹtẹ: ìkookò òkúta, béárì òkúta, kìnnìún òkúta tí òjò-dídì wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo kà á. Mi ò rò pé àlọ́ ni.

Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n bí mi, ní Kwara. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, irun wọn dì, ilà wà lójú àwọn kan, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Àwọn bàbá wa ní àlejò ni wọ́n, pé èèyàn tó wá sí ìlú ni, tí ohun kan ṣẹlẹ̀ tí gbogbo wọn di òkúta bí wọ́n ṣe jókòó. 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyá bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Orí ti kán lára ọ̀pọ̀ wọn. Mo dúró síwájú ọ̀kan tí orí tirẹ̀ ṣì wà, mo ń wo imú rẹ̀, bóyá yóò mí. Màmá ní, "Má tẹjú mọ́ wọn bẹ́ẹ̀ yẹn, àlejò ni wọ́n."

Nígbà tí mo wá ka ibi tí Aslan, kìnnìún tó jẹ́ ọba gan-an, ti wọ àgbàlá yẹn tó ń mí sí àwọn òkúta lára níkọ̀ọ̀kan, tí àwọ̀ ń padà sí wọn lára díẹ̀díẹ̀ bí iná tó ń ràn mọ́ etí bébà, mo sunkún. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ayékòótọ́ · 12:10 òru

Ẹ ò ní jẹ́ ká sùn lórí òpó yìí.

Akàwé_Mọ́kọ́lá · 7:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Mo rí i pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń gbé yẹ̀ wò. Méje ni wọ́n, 1950 sí 1956. Èyí tó jáde ní 1955, The Magician's Nephew, ló sọ ibi tí obìnrin yìí ti wá. Jadis lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ará Narnia rárá.

Ìlú tó ń jẹ́ Charn ni wọ́n ti bí i, nínú ayé mìíràn tí oòrùn rẹ̀ ti darúgbó, tó ti pọ́n bí ẹyin iná. Òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ń du adé. Ogun jà títí tí gbogbo ọmọ ogun Jadis fi tán. Ọmọ ìyá rẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn ààfin bọ̀, ó ti ń yọ̀ pé òun ti ṣẹ́gun. Jadis jẹ́ kó súnmọ́ dáadáa. Ó wá la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí nínú ayé yẹn kú lẹ́ẹ̀kan náà, àfi òun nìkan. The Deplorable Word ni Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ méjì kan wá bá a níbẹ̀ tó ń sọ ìtàn yìí fún wọn, ṣé ẹ mọ ohun tó ní? Ó ní ẹ̀bi ọmọ ìyá òun ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí la ó pe ọ̀rọ̀ yẹn? Mo kọ́kọ́ rò ó sí ọfọ̀, lẹ́yìn náà mo rò ó sí àfọ̀ṣẹ. Ọkàn mi ò gbà ọfọ̀. Ọfọ̀ tiwa máa ń rojọ́. Yóò dárúkọ ewé, yóò sọ iṣẹ́ tí ewé ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé, kó tó wá ní kó ṣe iṣẹ́ yẹn fún òun. Ọfọ̀ mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jadis kò bá nǹkan kan sọ̀rọ̀. Kò bẹ ewé, kò bẹ ẹyẹ. Ó kàn pa á rẹ́ ni.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn bọ́ǹbù átọ́míìkì Hiroshima nìyẹn. Aslan kìlọ̀ fún àwọn ọmọ náà lópin ìwé pé ẹnìkan lè rí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ní ayé tiwọn náà. Ẹni tó ka ìyẹn ní 1955 mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Tísà_Ìmẹ̀kọ · 7:58 àárọ̀

Ìwọ ọmọ yìí, o ṣeun. Ibi tí o ti ní ọfọ̀ máa ń rojọ́ yẹn, ǹ bá ti fún ọ ní máàkì tó pọ̀ jù.

Àfọ̀ṣẹ ni kóo mú. Ohun tí a fọ̀ tó sì ṣẹ ni. Kò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára.

ÌyáÌbejì_Peckham · 9:15 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo gbé tíì mi dání, ó ti tutù. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ_Ẹ̀sìẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nǹkan dídùn yẹn fún yín, nítorí òun náà fẹ́ dójú tì mí. Turkish delight ni Edmund jẹ. Èmi pè é ní bàbá dúdú nínú kíkà mi, kó lè yé wọn. Táyé ní irọ́ ni, pé ìwé tòun ní ilé ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá ra páálí rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù. A ṣí i lórí tábìlì. Ìyẹ̀fun ṣúgà fún sókè, ó bo ìka mi. Nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, òórùn òdòdó róòsì ń jáde lára rẹ̀. Táyé ki ọ̀kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu ú sí ọwọ́ mi: "Mọ́mì, ọṣẹ ni." Kẹ́hìndé mú ẹyọ kan, ó rọra lá a, ó wá fi ìbínú sọ ọ́: "Torí èyí ló ṣe lọ ta àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti bọ̀wọ̀ fún Edmund mọ́.

Ọmọ_Ọlọ́jà · 9:32 àárọ̀

Ẹ bá mi bẹ Kẹ́hìndé, kó má dá Edmund lẹ́bi jù. Ogun ni wọ́n ń sá fún ní London tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ yẹn lọ sí ìgbèríko. Láti 1942 ni wọ́n ti ń pín súìtì ní ìwọ̀n-ìwọ̀n fún àwọn ará Britain. Ní April 1949 wọ́n ní ó ti tán, àwọn èèyàn ya bo ṣọ́ọ̀bù, kò sí súìtì tó tó, August ọdún yẹn wọ́n tún dá ìpín padà. February 1953 ló tó parí pátápátá. Nítorí náà ọmọ tó ra ìwé yìí ní 1950 ṣì ń fi ìwé ìpín ra súìtì ni. Kẹ́ ẹ wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé obìnrin kan gbé odindi páálí fún un, pé kó jẹ gbogbo rẹ̀!

Obìnrin yẹn gbọ́n. Kò nà án. Ó bi í pé kí ló wù ú jẹ.

Ajíhìnrere · 10:05 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Lewis. Kìnnìún tó kú dípò ẹlẹ́ṣẹ̀ tó sì jíǹde, ta ló ṣàpẹẹrẹ? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wá ń bá a jà, ẹ mọ òun náà. Ẹ pè é ní Èṣù, kó tán.

Ọmọ_Kétu · 10:08 àárọ̀

Ẹ ti dé. Èṣù tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run ni ẹ fẹ́ dì ní òjò-dídì. Kí ló ṣe yín?

Ajíhìnrere · 10:09 àárọ̀

Bíbélì Yorùbá ni mo ń kà, kì í ṣe èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.

Alábòójútó · 10:15 àárọ̀

Ẹ ṣe sùúrù. Òpó tí a ń jiyàn Èṣù àti Sàtánì lórí rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀, kò tíì parí láti ọdún tó kọjá. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

Lọ́yà_Àkúrẹ́ · 11:47 àárọ̀

Mo ti kúrò ní kóòtù, ṣùgbọ́n kóòtù ò kúrò lára mi. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà obìnrin yìí díẹ̀, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Òfin kan wà tí wọ́n gbẹ́ sára Tábìlì Òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé Narnia: gbogbo ọ̀dàlẹ̀, tirẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Edmund ti dalẹ̀. Ó ti lọ sọ ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Obìnrin náà wá sí àgọ́ Aslan lọ́sàn-án gangan láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò jalè, kò fi òru bojú. Aslan fúnra rẹ̀ ò sì sọ pé irọ́ ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ "ọ̀dàlẹ̀" ṣe ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣàlàyé òfin yẹn ní ojú ewé bíi mélòó kan. Tiwa ti wà nínú ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Ìyá ìbejì ò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun fún màmá wọn.

Ibi tó ti pàdánù ni pé òfin tó mọ̀ kọ́ ni ó pẹ́ jù. Aslan fi ara rẹ̀ dípò ọmọ náà, wọ́n dè é mọ́lẹ̀, wọ́n fá gọ̀gọ̀ rẹ̀, obìnrin náà fi ọ̀bẹ òkúta pa á. Ó rò pé ẹjọ́ ti parí. Kò mọ̀ pé òfin kan ṣáájú tirẹ̀, tó ní bí aláìṣẹ̀ bá fínnúfíndọ̀ kú nípò ọ̀dàlẹ̀, tábìlì á là sí méjì, ikú á padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyẹn.

Ayékòótọ́ · 11:52 àárọ̀

Lọ́yà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó gbèjà mi lọ́jọ́ tí mo bá sọ èèyàn di òkúta.

Tísà_Ìmẹ̀kọ · 1:20 ọ̀sán

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ lánàá. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo ní kí n sọ ọ́.

Nígbà tí ìwé yìí ń jáde ní London ní 1950, àwọn Àtíngà ń wọ ilẹ̀ wa bọ̀. Láti apá Gold Coast ni wọ́n ti gba Dahomey wá, wọ́n ní àwọn ń mú àjẹ́. Wọ́n wọ agbègbè wa, wọ́n wọ Ẹ̀gbádò. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń nàka sí àwọn àgbà obìnrin. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n nàka sí. Wọ́n ní kí wọ́n mú adìẹ wá. Wọ́n dúńbú adìẹ, wọ́n ń wo bí yóò ṣe kú, ìkúkú adìẹ ló máa sọ bóyá àjẹ́ ni wọ́n. Wọ́n kó igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, wọ́n bà wọ́n jẹ́. Ìjọba fòfin dè wọ́n ní 1951, ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́ kí òfin tó dé. Títí tí màmá fi lọ, wọn ò jẹ adìẹ mọ́. Ọmọdé ni mí, mo rò pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Nítorí náà bí ọmọ bá ń bi mí pé ta ni obìnrin burúkú inú àlọ́, mi ò ní fi "àjẹ́" dá a lóhùn kíákíá. Fágúnwà náà lo àjẹ́ ní 1938, nínú Ògbójú Ọdẹ: Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn ìwé náà, ní àjẹ́ ni ìyá òun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni, ó ní ilé, ó ní ọkọ. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé àjẹ́ kalẹ̀ kí ọmọ lè sá.

ÌyáÌbejì_Peckham · 2:02 ọ̀sán

Tísà, mo dọ̀bálẹ̀, obìnrin ni mí ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀. A ti yọ "àjẹ́" kúrò. Kò tún ní wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ṣé kí n wá pè é ní Ayaba Òjò-Dídì?

Akàwé_Mọ́kọ́lá · 2:10 ọ̀sán

Ayaba kẹ̀? Ayaba ta ni? Ìyàwó ọba ni ayaba, olorì náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí ò lọ́kọ, òun fúnra rẹ̀ ló gorí ìtẹ́. Lúwòó tó jẹ Ọọ̀ni ní Ifẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é ní ayaba. Ọbabìnrin ni.

Ẹ má sì pe ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀pá àṣẹ. Ọ̀pá lásán ni. Edmund náà ló padà fi idà kán an lójú ogun, ibẹ̀ ni agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbọ́nmisíi · 2:16 ọ̀sán

Amúlùútutù. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu! Obìnrin tó mú ìlú tutù.

Ọmọ_Kétu · 2:21 ọ̀sán

Àdúrà nìyẹn, Gbọ́nmisíi. Ta ni kò fẹ́ kí ìlú òun tutù? Kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, omi tútù là ń dà sílẹ̀ fún un. Funfun àti tútù, ohun Ọbàtálá ni méjèèjì. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbogbo orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ọ́ ní burúkú, bó bá dé etí wa, oríkì ló ń dà.

Gbọ́nmisíi · 2:23 ọ̀sán

Háà. Ó ti tún di oríkì.

Ayékòótọ́ · 2:40 ọ̀sán

Fíìmù 2005 lèmi wò, Tilda Swinton ló ṣe obìnrin náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo níbẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́. Àwa tí a dàgbà sídìí fíìmù ilé wa, níbi tí ẹni burúkú ti máa ń rẹ́rìn-ín "hàhàhàhà" títí ògiri á fi mì, ẹ̀rù ohùn jẹ́jẹ́ yẹn bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bóyá "Ọ̀dájú" ni kóo pè é.

Lọ́yà_Àkúrẹ́ · 2:44 ọ̀sán

Ọbabìnrin Ọ̀dájú. Mo fọwọ́ sí i.

ÌyáÌbejì_Peckham · 9:38 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ní orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe ọ̀kan nínú tiyín.

Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago méje àbọ̀, màmá mi wà lórí àga wọn. Mo ní orúkọ tí mo ń pe obìnrin yẹn kò dára, pé mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n ní Ọbabìnrin Ọ̀dájú ló yẹ kó jẹ́. Táyé béèrè pé kí ni ọ̀dájú. Mo ṣàlàyé: ẹni tí àánú kì í ṣe. Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun mọ ẹnìkan bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì òun, pé ìyẹn kò tó. Ó ní ohun tó burú jù tí obìnrin náà ṣe ni ti Kérésìmesì. Kẹ́hìndé fò sí i: "Kérésì-Ò-Dé! Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Kérésì-Ò-Dé!"

Ọbabìnrin Kérésì-Ò-Dé. Mo wo màmá mi. Wọ́n ti bo ẹnu pẹ̀lú ìborùn, èjìká wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìkà nìyẹn. Ìkà ńlá gbáà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á lálẹ́ òní. Ibikíbi tó bá ti yọ, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú mi, wọ́n á rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má gbọ́.

Tísà_Ìmẹ̀kọ · 9:55 alẹ́

Àwọn ọmọ rẹ gbọ́ Yorùbá. Má bẹ̀rù mọ́.

Akàwé_Mọ́kọ́lá · 10:02 alẹ́

Obìnrin mìíràn ń bọ̀ níwájú o, nínú èyí tó jáde ní 1953, The Silver Chair. Aṣọ àwọ̀ ewé ló ń wọ̀, ejò ló ń dà. Ẹ tètè máa wá orúkọ tirẹ̀.

ÌyáÌbejì_Peckham · 10:09 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká sun èyí tá a sùn ná! Mo ti pa iná yàrá wọn, mo fẹ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé kí n má tì í pa. Ó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ báyìí. Màmá mi ti dìde lọ wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.